Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Òfì Wé

Yàrá mi ní Gàmbàrí kò tóbi, síbẹ̀ odidi ògiri kan nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ti ọmọ mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn mi, ni. Láti ìgbà tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni mo ti ń ra abọ́ tánganran fún un, bí ìyá mi ṣe rà á fún èmi náà. Abọ́ kan lónìí, báàfù kan nígbà tí ọjà bá tà, ìkòkò onídèérí nígbà tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Mò ń tò wọ́n léra títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, mo sì fi aṣọ bò wọ́n nítorí eruku. Ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú wọn. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń lọ sílé ọkọ ni a óò tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé yóò rù wọ́n tẹ̀lé e, tí àwọn ará ibẹ̀ yóò sì rí i pé ọmọ tó ní ìyá ni àwọn gbé.

Ní àwọn ọdún yẹn, láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ inú àwọn ọdún 1990, nǹkan kì í dúró sí iye kan. Ohun tí o bá rí lọ́jà tí o kò rà, bí o bá padà dé lọ́jọ́ ọjà kejì, wọ́n á ti fi owó lé e. Òwú ni mò ń tà fún àwọn tó ń hun òfì. N kì í tà á tán; mo máa ń ní ìdì méjì tàbí mẹ́ta nínú àpótí tí n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, nítorí mo mọ̀ pé bó bá lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀, owó mìíràn ni. Páànù tí bàbá àwọn ọmọ mi rà kí ó tó kú, tó kó jọ sẹ́yìn ilé, nígbà tí a fi máa kan án mọ́lé, ẹni tó tà á fún un kò gbà mọ́ pé owó kékeré bẹ́ẹ̀ ni òun tà á. Ẹni tó ní làákàyè nígbà náà, ṣe ló ń ra nǹkan, tó ń kó o pamọ́, tí kò ní fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa owó kò ju ìyẹn lọ, kò sì tíì tàn mí jẹ rí.

Ọmọ yìí kàwé ju gbogbo wa lọ nínú agbo ilé. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ gíga, ìka rẹ̀ sì yá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lọ́dún tó parí, ó wá jókòó tì mí lórí ẹní lẹ́yìn ìrun àsárì, ojú rẹ̀ wà lára ògiri abọ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká ta àwọn abọ́ yìí.”

Mo rò pé eré ló ń ṣe. “Ká wá fi kí ni sìn ọ́ délé ọkọ? Ike?”

“Ike náà ni wọ́n ń rà báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi owó rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Challenge, níbi tí àwọn ọlọ́fíìsì ti ń wọ mọ́tò. Lẹ́tà ni o, ìwé ẹjọ́ ni o, pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ni o, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fi táípù tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀kan péré, Màmá. Mi ò ní máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn kí n máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà mí.”

Mo bi í léèrè bóyá nǹkan náà máa ń pẹ́. Ó ní ó lè lo ọdún mẹ́wàá. Mo tún bi í bóyá ó wọ́n. Ó dárúkọ iye kan; owó náà tó kan páànù sí ilé oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe wọ́n yẹn gan-an ló mú kí ọkàn mi fà sí i. Mo ní, ohun tó wọ́n tó báyìí lónìí, báwo ni yóò ti rí lẹ́yìn ọdún méjì?

A ta abọ́ náà fún oṣù méjì. Àwọn obìnrin tí ìgbéyàwó ọmọ wọn ti súnmọ́lé ń wá, wọ́n ń fi èékánná kan ìdí abọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo fi ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà méjì kún owó náà. Ọkùnrin ará Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Challenge ló tà á fún wa. Ó tan án lójú wa, ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n sì mọ́lẹ̀. Ó tún kó o padà sínú páálí mẹ́ta. Nínú takisí, orí itan mi ni mo gbé páálí tó tóbi jù sí títí a fi délé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà ni ìwé àgùnbánirọ̀ dé, wọ́n sì pín ọmọ mi lọ sí apá Borno. Ní alẹ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó ní:

“Màmá, ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó dúró ní ìdajì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé kọ̀ǹpútà yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó máa fi ṣiṣẹ́ dè mí. Ohun tó bá wọlé, ẹ̀yin méjèèjì ẹ pín in.”

Mo mọ ọmọ náà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Kò ṣẹ̀ mí rí. Ṣùgbọ́n mo wo páálí mẹ́ta náà, ohun tí mo rí ni ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára wọn.

“Á ti gbó kí o tó dé. Ìwọ lo ni ín, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ lò ó. Tuntun ni wàá bá a, owó rẹ̀ á sì ti lọ sókè.”

“Màmá, kì í ṣe abọ́ o.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe abọ́. Abọ́ ni mo fi rà á.”

Kò bá mi jiyàn. Ó ní ó dáa.

Nígbà tó lọ tán, mo to pákó síbi tí abọ́ wà tẹ́lẹ̀, mo gbé páálí náà lé e, mo mú òfì tí mo fi ṣe ìyàwó, mo fi wé wọn. Mo ju káńfọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nítorí aáyán. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí n tó wẹ̀, mo máa ń tú aṣọ náà, mo máa ń nu eruku, mo máa ń wé e padà. Ìyáalé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, a máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Àlejò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?”

“Ó ń gbààwẹ̀.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí ẹni tó ni ín á fi dé.”

“Èyí ju Ràmàdáánì lọ o. Kó má kú sí ọ lọ́wọ́.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ọdún kan pé, ilé ìwé tí ọmọ mi ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní kó dúró kó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn fún ọdún kan sí i. Ó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n bá mi fèsì pé kó dúró, kó kó owó ṣọ́ọ̀bù jọ. Ẹrù rẹ̀ wà láàbò. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kejì yẹn, mo rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Challenge, ó gbé táípù kan sórí tábìlì lábẹ́ ìbòòji páànù, ó ń tẹ ìwé fún ọkùnrin kan tó dúró tì í. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ lójú títì níbẹ̀.

“Ẹ kú ọjà, mà. Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?”

“Ó wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.”

Mo fi àánú wò ó, òun pẹ̀lú táípù àtijọ́ rẹ̀. Mò ń lọ, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun tó wà nínú yàrá mi. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni mo gbọ́ pé sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí. Inú mi dùn lábẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó mu omi tán ló ti ń tú òfì náà. Ó so okùn mọ́ okùn, ó tẹ ibi kan, ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ bó ṣe mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á. Mo pe ìyáalé mi wá wò ó. Mo ní, ṣé ẹ rí i, kò kú.

Ó fi owó tó kó jọ ní Borno gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan, ó ra tábìlì, ó ra àga méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá a jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó mú pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dísìkì dání. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sí. Ọmọ mi tì í bọ inú ẹ̀rọ. Ó tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àmì kan tí n kò mọ̀ ló ń yọ lójú ẹ̀rọ náà.

“Àǹtí, ṣé tiyín kò lè ṣí i ni?”

“Èyí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tuntun ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Ojú ewé ọgọ́rin? Ọ̀la ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ o.”

Ó gba dísìkì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sọdá títì. Mò ń fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì. Ọmọ mi kò wo ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹni mẹ́rin ló wá bẹ́ẹ̀ tó sì sọdá. Ẹni karùn-ún tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ó gbìyànjú fún oṣù kan. Mo wá ní kò burú, jẹ́ ká tà á, owó rẹ̀ ti lọ sókè, a ó fi ra tuntun, díẹ̀ yóò tún ṣẹ́ kù. Ó kó ẹ̀rọ náà padà sínú páálí. A padà sọ́dọ̀ ará Ìjẹ̀ṣà.

“Àlájà, ẹ káàbọ̀.”

“Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ẹrù rẹ ni mo gbé padà wá fún ọ, kó o rà á.”

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dárúkọ iye kan. Iye náà kò tó kan páànù sórí yàrá kan. Mo rò pé ó fẹ́ ká nájà ni, mo sì ti múra fún un.

“Ìwọ lo tà á fún mi. Wo páálí rẹ̀, kò yà. Wo ọ̀rá tó wà lójú rẹ̀, a kò tíì bó o tán. Ọdún méjì ó lé, ọwọ́ èèyàn kò kàn án. Ọmọ yìí lò ó fún oṣù kan péré.”

“Mo rí i, Màmá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.”

“Ó dáa, san owó ìtọ́jú.”

Ó fa àga fún mi, ó jókòó síwájú mi. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, “Ẹ gbọ́, Màmá. Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun kò sinmi. Kí tọdún yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, tọdún tó ń bọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn, á yára ju tàkọ́kọ́ lọ, á gba nǹkan púpọ̀ sínú. Wọ́n sì ń rí ọ̀nà ṣe é ní púpọ̀, ní ìrọ̀rùn, nítorí náà tuntun gan-an kò wọ́n tó ti àná. Bí tuntun bá ti jáde, àwọn tó ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ á kọ ọ́ bá tuntun mu, ti àtijọ́ kò ní lè gbé e. Àwọn ọ́fíìsì ní GRA á kó tiwọn jáde, wọ́n á fẹ́ kó kúrò níwájú wọn. Àwa tí a ṣì ní ti àtijọ́ nílẹ̀ náà á máa dín owó rẹ̀ kó má baà kú sí wa lọ́wọ́. Gbogbo wa là ń tà, ta ni yóò rà?”

Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan lórí pẹpẹ, ó ní òun ló wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo béèrè iye rẹ̀. Kò tó iye tí a fi ra tiwa.

“Ṣùgbọ́n èyí kò gbó,” ni mo wí.

“Kò gbó, Màmá. Àwọn yòókù ló kọjá rẹ̀ lọ.”

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, “Bíi tòmátì nìyẹn.”

“Tòmátì gan-an. Ẹni tó bá rà á, kó tètè sè é.”

“O kò sì sọ fún mi lọ́jọ́ tí o gbowó.”

“Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni, Màmá. Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó o pamọ́. Ta ló ń kó kọ̀ǹpútà pamọ́?”

Kò fi ṣe àbùkù. Ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́ ni. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Mo dìde, mo ní ká gbé ẹrù wa.

Nínú takisí, ọmọ mi ni ó gbé páálí lé itan lọ́tẹ̀ yìí. Mo yíjú sí i:

“Ọ̀rẹ́ rẹ ì bá ti máa lò ó láti ọjọ́ yìí.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká tètè délé. Ìrun ti ń kọjá.”

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ká ní ó bú mi, ká ní ó ké mọ́ mi, ǹ bá rí ohun fi dá a lóhùn. Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ yẹn, mò ń wo ògiri tó ṣófo. Mo ti ta abọ́ rẹ̀, mo ti ta wúrà mi, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi wé ohun tí mo fi wọ́n rà títí owó rẹ̀ fi jò lọ lára rẹ̀ nínú aṣọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń jò, mo sì ń nu eruku rẹ̀ ní Jímọ̀ Jímọ̀.

Ó fara dà á ní ṣọ́ọ̀bù náà títí ọdún fi pé, ó ń tẹ lẹ́tà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ohun tó ń wọlé kò tó gba ibẹ̀ fún ọdún mìíràn. Ó kó tábìlì àti àga rẹ̀ wálé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sọ fún mi pé òun ti rí iṣẹ́.

“Níbo?”

“Ní òdìkejì títì.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èèyàn ń sọdá lọ. Ọmọ mi ló ṣe àlàyé rẹ̀ fún mi, bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi táípù kó owó jọ, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ọ́fíìsì kan kó dànù. Ó fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ó fi ṣe lálẹ́, títí àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Kó tó pé ọdún, nígbà tí ó ṣì lè mú nǹkan wá, ó tà á, ó fi èrè kún un, ó ra èyí tó tuntun díẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Kò sí èyí tó dúró lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbó tán. Ọmọ tí mo kọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù wa ló wá ń san owó oṣù fún ọmọ mi.

Òun fúnra rẹ̀ wá kí mi ní Gàmbàrí. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kò dìde.

“Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Títẹ̀ lásán ni wọ́n ń kọ́, kò nílò èyí tó yára. Ohun tí wọ́n bá san lórí rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ mi ni.”

Ìyáalé mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbọ́. Mo tú òfì náà fúnra mi, mo ká a, mo kó o sínú àpótí òwú, mo sì wo ọmọ náà bí ó ṣe gbé páálí jáde lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè lọ wò ó. Mò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ, ìdì òwú kan ṣì wà lórí mi, mo ní kí n yà kí ọmọ mi. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ńlá kan, àwọn èèyàn tò dúró dè é. Tiwa wà nígun. Wọ́n ti bó ọ̀rá ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó tì í, ó ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan tẹ̀ wọ́n. Másà, àkàrà tí wọ́n fi ìrẹsì dín, wà nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń bù ú jẹ bó ṣe ń tẹ̀. Mo rí òróró tó ń dán lórí àwọn lẹ́tà náà, lára ohun tí mo nù pẹ̀lú aṣọ funfun fún ọdún méjì. Mo sọ òwú kalẹ̀, mo súnmọ́ ọn, mo ti la ẹnu.

“Màmá,” ni ọmọ mi pè mí láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. “Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tó tún lè ṣe ẹ̀rọ yẹn mọ́.”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó kí mi, ó fi másà lọ̀ mí. Mo ní mo dúpẹ́, mo ti yó. Mo gbé òwú mi rù, mo sì gba ọ̀nà ilé lọ.